Orí Kẹfà: Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n àti Àwòrán Tó Ṣe Bàìbàì

Èròńgbà

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kó lè:

(a) sọ ìdí tí ọwọ́ tó gbọ̀n fi ń ba àwòrán jẹ́;
(b) wo fọ́tò tí kò mọ́, kó sì mọ ohun tó bà á jẹ́ gan-an;
(d) ṣírò bí ṣọ́tà ṣe gbọ́dọ̀ yára tó fún lẹ́ǹsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀;
(e) fi ara rẹ̀, ògiri, okùn tàbí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mú kámẹ́rà dúró sójú kan.

1. Èsìẹ́, níbi tí fọ́tò ti di ẹ̀rí

Èsìẹ́ kò jìnnà sí Òmù-Àrán. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìpínlẹ̀ Kwárà ni ìlú méjèèjì wà. Èsìẹ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá musíọ̀mù sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, lọ́dún 1945. Ère òkúta tó lé ní 800 ló wà níbẹ̀, òkúta rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní òkúta ọṣẹ ni wọ́n sì fi gbẹ́ wọn. Àwọn kan kéré tí wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 14 lọ, àwọn mìíràn ga ju mítà kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí. Àwọn kan di ohun ìjà mú, àwọn kan ń lo ohun èlò orin. Ohun tí ojú fi ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì ni irun orí, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti ilà ojú. Ilà wọ̀nyí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì sún mọ́ ara wọn.

Àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ̀wọ̀ fún àwọn ère náà láti ayébáyé kí H. G. Ramshaw, alábòójútó àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, tó ròyìn wọn fún àwọn ará ìta lọ́dún 1933. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni Phillips Stevens, ọmọ Amẹ́ríkà, jókòó tì wọ́n, tó ń kọ ìrísí wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń ya fọ́tò wọn. Ìwé tó tibẹ̀ jáde lọ́dún 1978, *The Stone Images of Esie, Nigeria*, ṣì wúlò fún àwọn onímọ̀ títí dòní.

Ní ọdún 2000, ICOM, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ musíọ̀mù, gbé àkójọ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà tí olè ń lépa jù lọ jáde. Ère Èsìẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn ère náà bá sọnù, tó sì yọjú lẹ́yìn ọdún mélòó kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan lókè òkun, fọ́tò ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Ìlànà Object ID, tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́dún 1997 fún dídá ohun tí wọ́n jí mọ̀, fi fọ́tò ṣíwájú, ó sì béèrè fún àmì tó ya ohun náà sọ́tọ̀. Fọ́tò tí ilà mẹ́ta ti dà pọ̀ di òjìji kan kò lè ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí orí yìí fi fi Èsìẹ́ ṣe àpẹẹrẹ: inú ilé ni àwọn ère náà wà, ìmọ́lẹ̀ kì í pọ̀ nínú ilé, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá sì ti kéré ni àṣírí ọwọ́ tó ń gbọ̀n ti máa ń tú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé kámẹ́rà sókè níbẹ̀, kó kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ musíọ̀mù, kó sì béèrè bóyá wọ́n fàyè gba fíláàṣì.

2. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kámẹ́rà

Ṣọ́tà ni ìlẹ̀kùn tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, tó sì ń padà tì. Àkókò ṣọ́tà ni bó ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí: 1/60 túmọ̀ sí ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan. Sẹ́ńsọ̀ ni ojú pẹrẹsẹ tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí. Fíìmù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Píksẹ́lì ni ẹyọ àmì kékeré tí sẹ́ńsọ̀ fi ń to àwòrán jọ. Bàìbàì ọwọ́ ni àìmọ́ tó ń bá àwòrán nítorí pé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ mì nígbà tí ṣọ́tà ṣì wà ní ṣíṣí.

Kò sí ọwọ́ alààyè tí kì í gbọ̀n. Lára ẹni tó le koko pàápàá, iṣan ń mi ọwọ́ bí ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èémí àti lílù ọkàn ń fi tiwọn kún un. Ebi, àárẹ̀, ìjayà àti eré tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ sá dé ń mú kó pọ̀ sí i.

Bí gbígbọ̀n yìí ṣe kéré tó, ìpalára rẹ̀ pọ̀, ìṣirò sì lè fi hàn. Ká ní sẹ́ńsọ̀ kan fẹ̀ ní mìlímítà 36, tí píksẹ́lì 6,000 sì tò sórí fífẹ̀ rẹ̀. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 0.006. Lẹ́ǹsì 50 mm ló wà lójú kámẹ́rà náà. Bí ọwọ́ bá yí kámẹ́rà ní ìdá kan péré nínú mẹ́wàá dígírì kan kí ṣọ́tà tó tì, àwòrán yóò ti sún ní nǹkan bí mìlímítà 0.087 lórí sẹ́ńsọ̀. Tí a bá pín ìyẹn sí 0.006, yóò jẹ́ píksẹ́lì mẹ́rìnlá ó lé díẹ̀. Ilà ojú ère tó yẹ kó gba píksẹ́lì márùn-ún ti wọ inú ilà tó tẹ̀ lé e nìyẹn. Tó bá jẹ́ lẹ́ǹsì 200 mm ni, tí ọwọ́ sì yí bákan náà, píksẹ́lì méjìdínlọ́gọ́ta ni àwòrán yóò fi sún.

Ohun méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà: bí ọwọ́ ṣe mì tó, àti bí ṣọ́tà ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí. Ọgbọ́n yòówù kí ayàwòrán dá, ọ̀kan nínú méjèèjì ló fẹ́ dín kù.

3. Dídá ohun tó ba àwòrán jẹ́ mọ̀

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi ru ọwọ́ tí ọwọ́ kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe fọ́tò rẹ̀ yóò ra ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nígbà tó jẹ́ pé lẹ́ǹsì lásán ló yẹ kó nù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ àwòrán náà lójú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà títí tí nǹkan kéékèèké yóò fi hàn, kó wá wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti tàn ní ojú kan, bíi gílóòbù tàbí ìkángun irin tó ń dán.

Tó bá jẹ́ bàìbàì ọwọ́ ni, ojú kan yẹn yóò ti fà di ìlà kúkúrú tàbí di ìkọ́. Ohun tó dájú jù lọ ni pé gbogbo gílóòbù inú àwòrán náà, ti ọ̀tún àti ti òsì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, yóò fà sí apá kan náà. Fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jà Òmù-Àrán lálẹ́ pẹ̀lú fóònù tí ọwọ́ kan dì mú ń fi èyí hàn kedere: bí gílóòbù ìsọ̀ kan ṣe tẹ̀ kọdọrọ, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn yòókù tẹ̀.

Bàìbàì ìmira yàtọ̀ sí èyí. Nínú rẹ̀, kámẹ́rà dúró jẹ́ẹ́, ohun tí wọ́n ń yà ni kò dúró. Bí wọ́n bá ya egúngún Eléwe, èyí tí wọ́n mọ Ìgbómìnà mọ́, níbi tó ti ń jó tó ń yí, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ lè mọ́ kedere, kí àwọn onílù mọ́, kó jẹ́ aṣọ egúngún nìkan ló ti di ìmọ́lẹ̀ tó ń fò. Kò sí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó lè wo èyí sàn. Ṣọ́tà tó yára, 1/500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni oògùn rẹ̀.

Bàìbàì fókọ́ọ̀sì ni ẹ̀kẹta. Lẹ́ǹsì ti wo ibòmíràn. Ojú ère kò mọ́, àmọ́ àpótí tó jókòó lé lórí mọ́ dáadáa, tàbí ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ìmọ́lẹ̀ kì í fà di ìlà níbí. Ńṣe ló ń fẹ̀ roboto.

Ohun méjì tún wà tó máa ń tan èèyàn jẹ. Eruku ọyẹ́, láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, ń mú kí òkè tó wà lọ́nà jíjìn rí funfun nínú fọ́tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewé igi tó wà nítòsí mọ́ kedere. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é, kì í ṣe kámẹ́rà. Èkejì ni ọ̀rá ìka lójú lẹ́ǹsì fóònù, tó ń mú kí gbogbo ìmọ́lẹ̀ ní ìrù gígùn. Aṣọ rírọ̀ tó mọ́ ni wọ́n fi ń nù ún, kì í ṣe etí ẹ̀wù tó ti gba iyanrìn.

4. Báwo ni ṣọ́tà ṣe gbọ́dọ̀ yára tó?

Gígùn lẹ́ǹsì, èyí tí wọ́n ń fi mìlímítà kà, ló ń sọ bí lẹ́ǹsì ṣe ń fa nǹkan mọ́ra tó. Bó bá ṣe ń fa àwòrán mọ́ra náà ló ń fa gbígbọ̀n ọwọ́ mọ́ra. Láti ayé fíìmù ni àwọn ayàwòrán ti ní òfin kan tó rọrùn: àkókò ṣọ́tà kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìdá kan lórí gígùn lẹ́ǹsì. Lẹ́ǹsì 50 mm fẹ́ 1/50, èyí tó mú kí 1/60 dára. Lẹ́ǹsì 200 mm fẹ́ 1/200, tàbí kí wọ́n kúkú fi í sí 1/250.

Bí sẹ́ńsọ̀ bá kéré ju mìlímítà 36 lọ ní fífẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fi iye sẹ́ńsọ̀ náà, ìyẹn iye ìgbà tí fífẹ̀ rẹ̀ wọ inú 36, ṣe ìlọ́po gígùn lẹ́ǹsì. Ní ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí rà, iye náà jẹ́ 1.5. Lẹ́ǹsì 50 mm lára irú wọn yóò ṣe bíi 75 mm, 1/80 ló sì yẹ ẹ́. Òfin yìí kì í ṣe odi. Ọwọ́ ẹnìkan balẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, sẹ́ńsọ̀ òde òní sì ń rí àṣìṣe tí fíìmù kì í rí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 1/100 dípò 1/50.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ṣọ́tà tó yára kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ wọlé. Ohun méjì ló lè dí àlàfo náà. Ojú lẹ́ǹsì ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré ni ihò náà ṣe tóbi. ISO ni bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, àkókò ṣọ́tà yóò dín sí ìdajì.

Ká ní kámẹ́rà sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ kan nínú gbọ̀ngàn pé 1/8 ni ṣọ́tà, pẹ̀lú f/5.6 àti ISO 100. Lẹ́ǹsì 50 mm ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ojú lẹ́ǹsì láti f/5.6 sí f/4, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé di ìlọ́po méjì, ṣọ́tà di 1/15. Ó tún ṣí i sí f/2.8, ó di 1/30. Ó gbé ISO sí 200, ó di 1/60. Ó ti dé ibi tó ń lọ. Tó bá fẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ sí i, ISO 400 yóò gbé e dé 1/125.

Owó kan wà tí yóò san fún un. Ojú lẹ́ǹsì tó ṣí gan-an ń mú kí ibi tó mọ́ nínú àwòrán tín-ín-rín: imú ère lè mọ́ kí etí má mọ́. ISO tó ga ń fọ́n àmì wíńníwínní sójú àwòrán. Síbẹ̀, níbi tí fọ́tò bá ti jẹ́ àkọsílẹ̀, wíńníwínní sàn ju bàìbàì lọ fíìfíì. Wíńníwínní kì í pa ilà rẹ́, kọ̀ǹpútà sì lè dín in kù. Ilà tó ti wọ inú ilà kejì kò ní ibi tí èèyàn yóò ti wá a rí.

5. Ara ayàwòrán

Nígbà tí Daguerre fi ọ̀nà rẹ̀ han ayé ní Faransé lọ́dún 1839, ìṣẹ́jú mélòó kan ni àwo fọ́tò fi ń gba ìmọ́lẹ̀. Kámẹ́rà wà lórí ìdúró, nítorí náà ẹni tí wọ́n ń yà ni ìyọnu rẹ̀ pọ̀. Ní ilé fọ́tò ayé ìgbà yẹn, irin ni wọ́n máa ń fi gbé ẹ̀yìn orí èèyàn ró kó má baà mì.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìjókòó àwọn àgbà kò nílò irin. Lọ́dún 1975, Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà, lọ ṣe ìwádìí láàárín àwọn fọtógíráfà Ìlá-Ọ̀ràngún, ìlú Ìgbómìnà tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 1978 nínú ìwé ìròyìn *African Arts*. Ó ṣàkíyèsí bí àgbà ṣe ń jókòó fún fọ́tò: á kọjú sí kámẹ́rà gan-an, á gbé ọwọ́ lé itan, aṣọ tẹ́ rẹrẹ. Iyì àti ipò ni ìjókòó náà ń sọ. Ẹni tó bá sì jókòó báyẹn, ara rẹ̀ kò ní mì, kódà bí ṣọ́tà bá falẹ̀.

Pierre Verger, ọmọ Faransé tí wọ́n sọ ní Fátúnmbí ní Kétu lọ́dún 1953, fi kámẹ́rà Rolleiflex ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò ní Benin, Nàìjíríà àti Bùràsíìlì. Òkè ni wọ́n ti ń wo inú irú kámẹ́rà yìí. Okùn gbé e kọ́ ọrùn, ọwọ́ méjèèjì fà á sísàlẹ̀ títí okùn yóò fi le, ìgúnpá sì lẹ̀ mọ́ ìhà. Ọrùn, okùn àti ọwọ́ di ìdúró mẹ́ta. Okùn kámẹ́rà òde òní ṣì lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ẹni tó bá rántí pé kì í ṣe fún gbígbé kọ́ èjìká nìkan.

Ìlànà ìdúró rèé. Ẹsẹ̀ méjèèjì yà díẹ̀, ọ̀kan ṣíwájú. Atẹ́lẹwọ́ òsì wà lábẹ́ lẹ́ǹsì, òun ló gbé ẹrù. Ọwọ́ ọ̀tún di ara kámẹ́rà mú. Ìgúnpá lẹ̀ mọ́ ìhà. Ìgúnpá tó nà síta ń gbọ̀n jù. Bí ògiri tàbí igi bá wà nítòsí, ayàwòrán fi èjìká tì í. Bó bá kúnlẹ̀, ó lè gbé ìgúnpá lé orúnkún, àmọ́ kì í ṣe egungun lórí egungun, nítorí pé yóò yọ̀. Ẹran apá ni kó gbé lé e.

Lẹ́yìn náà ló kan èémí. Ó mí sínú, ó mí síta dé ìdajì, ó dá a dúró díẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Ìka kò gbọdọ̀ já lu bọ́tìnnì. Ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì kí fókọ́ọ̀sì lè jókòó, ó wá ń rọra tẹ̀ ẹ́ lọ títí tí ṣọ́tà yóò fi dún. Bí kámẹ́rà bá lè ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra, kó jẹ́ bẹ́ẹ̀: títẹ̀ máa ń mi àkọ́kọ́, yíyọwọ́ máa ń mi ìgbẹ̀yìn, àárín ló sábà máa ń mọ́ jù.

Ní ti fóònù, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń dì í. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè máa ń ya fọ́tò lára ọ̀pọ̀ fóònù, ó sì sàn ju nína àtàńpàkò sí àárín ojú fóònù lọ. Fífi ìka méjì fa àwòrán súnmọ́ ń fa gbígbọ̀n mọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Bí ààyè bá wà, kí ayàwòrán fi ẹsẹ̀ rìn súnmọ́ ohun tó ń yà.

6. Ohun tí kámẹ́rà lè gbára lé

Ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ohun èlò tó dára jù, ó sì wọ́n. Èyí tó fúyẹ́ jù máa ń mì bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́. Wọ́n lè so àpò ẹrù kọ́ àárín rẹ̀ kó lè wúwo. Kí wọ́n má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, kí ayàwòrán má sì fara ti ọkọ̀ tí wọn kò tíì pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ti wà lórí ìdúró, kó lo aago kámẹ́rà, èyí tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́wàá kó tó ya, kí ọwọ́ má baà kàn án rárá.

Ẹni tí kò lówó rẹ̀ lè fi okùn ṣe tirẹ̀. Ihò kan wà ní ìdí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà. Bóòtì tó gba ibẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì kan, tí eyín rẹ̀ jẹ́ ogún nínú ínǹṣì kan. Ilé ìtajà irin lè ní i. Wọ́n ń so okùn tí kì í nà mọ́ orí bóòtì náà, okùn tó gùn láti ilẹ̀ dé ojú ayàwòrán. Wọ́n rọra yí bóòtì wọlé, kò gbọdọ̀ wọ̀ jìn ju mìlímítà márùn-ún lọ, kó má baà lu ìdí kámẹ́rà. Ayàwòrán fi ẹsẹ̀ tẹ okùn mọ́lẹ̀, ó wá fa kámẹ́rà sókè títí okùn yóò fi le. Kámẹ́rà kò lè gòkè mọ́, ọwọ́ tó ń fà á kò sì ní jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀. Okùn yìí kò tó ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ó lè mú kí 1/15 ṣeé lò fún ẹni tí 1/60 ń dà láàmú.

Àpò kékeré tí wọ́n rọ ẹ̀wà tàbí iyanrìn sí náà wúlò. Wọ́n gbé e lé ojú fèrèsé tàbí ẹ̀yìn àga, wọ́n tẹ kámẹ́rà rì sínú rẹ̀ díẹ̀.

Ìgbà kan wà tí ayàwòrán ń fẹ́ kí ṣọ́tà pẹ́. Ní ìtàkìtì omi Òwu, lẹ́bàá Ọ̀wà-Kájọlà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ṣọ́tà tó wà ní ṣíṣí fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yóò fi omi hàn bí ó ṣe ń ṣàn gbọọrọ, òkúta yóò sì dúró kedere. Láìsí ìdúró, omi àti òkúta ni yóò jọ bàjẹ́.

7. Ẹ̀rọ amúdúró

Ẹ̀rọ amúdúró ń mọ ìgbà tí ọwọ́ mì, ó sì ń sún ẹ̀yà lẹ́ǹsì kan, tàbí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀, sí òdìkejì. Canon gbé lẹ́ǹsì tó ní irú ẹ̀rọ yìí jáde lọ́dún 1995. Nokia fi irú rẹ̀ sínú fóònù Lumia 920 lọ́dún 2012. Bí ilé iṣẹ́ kan bá sọ pé ẹ̀rọ òun gba ìpele mẹ́ta, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó nílò 1/60 tẹ́lẹ̀ lè gbìyànjú 1/8, nítorí pé ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì. Fóònù ayé òde òní tún ní ètò alẹ́: ó ń ya àwòrán púpọ̀ léraléra, ó ń tò wọ́n lé ara wọn, ó sì ń yọ ọ̀kan jáde.

Ẹ̀rọ amúdúró kò mọ ohunkóhun nípa ìmira. Ère Èsìẹ́ kì í mira, nítorí náà ẹ̀rọ náà yóò ṣe é láǹfààní. Ọmọdé tó ń sáré kọjá níwájú ère náà yóò ṣì fà gbọọrọ.

Àwọn kókó

Bàìbàì ọwọ́ ń wá láti ara kámẹ́rà tó mì nígbà tí ṣọ́tà ṣí. Gbogbo ojú ìmọ́lẹ̀ ń fà sí apá kan náà. Àkókò ṣọ́tà kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìdá kan lórí gígùn lẹ́ǹsì. Ojú lẹ́ǹsì àti ISO ni wọ́n fi ń ra ìyára. Ìdúró ara, okùn, àpò ẹ̀wà àti ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń dín mímì kù. Ẹ̀rọ amúdúró ń ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìdánrawò

1. Sọ ìtumọ̀ àwọn wọ̀nyí: ṣọ́tà, gígùn lẹ́ǹsì, ISO, bàìbàì ìmira.

2. Lẹ́ǹsì 135 mm wà lára kámẹ́rà tí iye sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.5. Àkókò ṣọ́tà wo ló falẹ̀ jù tí wọ́n lè lò láìsí ìdúró?

3. Kámẹ́rà ń tọ́ka sí 1/15, f/8, ISO 100. Fi ọ̀nà méjì hàn tí wọ́n lè gbà dé 1/125, kí o sì sọ ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò ná ayàwòrán.

4. Nínú fọ́tò kan, ojú ìyàwó kò mọ́ ṣùgbọ́n òdòdó ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Nínú èkejì, gbogbo gílóòbù ti di ìkọ́ tó dojú kọ apá ọ̀tún. Nínú ẹ̀kẹta, ọwọ́ onílù nìkan ni kò hàn. Kí ló ba ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́? Kí ni àtúnṣe rẹ̀?

5. Lẹ ojú ewé ìwé ìròyìn kan mọ́ ògiri nínú iyàrá. Ya á ní 1/125, 1/60, 1/30, 1/15 àti 1/8: lákọ̀ọ́kọ́ ní ìdúró lásán, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú èjìká tó ti ògiri, lẹ́ẹ̀kẹta pẹ̀lú okùn. Fẹ àwọn àwòrán náà, kí o sì ya àtẹ tó fi hàn ibi tí lẹ́tà kéékèèké kò ti ṣeé kà mọ́.

6. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: Ẹ yan ohun gbígbẹ́ kan nínú ilé tàbí nílé ẹ̀kọ́, bí àpótí, ọpọ́n tàbí ère. Ẹ ya iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wá ya àmì kan lára rẹ̀ tí ẹ lè fi dá a mọ̀ láàárín mẹ́wàá tó jọ ọ́. Ẹ fi fọ́tò náà fún ẹgbẹ́ mìíràn, kí wọ́n fi wá ohun náà rí.